Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin Metallica: ẹ jẹ́ ká gbọ́ béèsì Jason

Ẹ̀gbọ́n James, ẹ̀gbọ́n Lars, ẹ̀gbọ́n Kirk, ẹ̀gbọ́n Robert,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àforítì. Láti 1981 títí di ìsinsìnyí lẹ́nu iṣẹ́ orin mẹ́tàlì, ìyẹn rọ́ọ̀kì tó wúwo, kì í ṣe eré ọmọdé rárá. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ ẹjọ́ ló gbé mi wá, mi ò sì ní fọ̀rọ̀ yí lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ àwọn àwo àtijọ́ tẹ́ ẹ ń tún gbé jáde ni. Ní 2016 ẹ tún Kill 'Em All àti Ride the Lightning gbé jáde, ní 2017 ó kan Master of Puppets, 2018 ó kan ...And Justice for All, 2021 ó kan àwo dúdú yẹn (Metallica ti 1991), 2025 ó kan Load. Gbogbo wọn lẹ ní kí wọ́n fọ̀ mọ́, tẹ́ ẹ kó sínú àpótí ràgàjì pẹ̀lú ìwé àti fọ́tò àti demo àti orin orí ìtàgé, owó gidi lẹ sì ń tà á. A rà á, kò sẹ́ni tó fipá mú wa. Àmọ́ nígbà tó kan Justice, àwo tí gbogbo ayé ti ń pariwo lé lórí látọjọ́ tó ti jáde ní 1988 pé béèsì, gìtá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí Jason Newsted lù fún yín nígbà náà, ò sí níbẹ̀, ẹ kàn fọ ojú ẹ̀ dán, ẹ ò fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ń kọ ọ́ sí gbangba kí àwọn tó ń gbọ́ orin yín lè bá mi dá sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ lọ́la pé ẹ ò gbọ́.

1. Kì í ṣe torí pẹ́ ẹ yí padà la fi ń bínú.

Ká kọ́kọ́ yanjú ìyẹn, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ó sá gbà. Ó ti pẹ́ táwọn kan ti ń bú yín pẹ́ ẹ ò ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àtọdún 1984 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí "Fade to Black" jáde tí wọ́n gbọ́ gìtá jẹ́jẹ́ níbẹ̀, àfi bíi pé ẹ pààyàn. Èmi ò sí lára wọn. Kill 'Em All ti 1983, eré sísá ni gbogbo ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì, James àti Lars, ẹ ò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ ní Rochester ní New York, ó sì hàn nínú ẹ̀, kò sí sùúrù kankan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dùn. Ọdún kan péré lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ti wà ní Copenhagen lọ́dọ̀ Flemming Rasmussen, gìtá kékeré kan tó ń dún jẹ́jẹ́ lẹ fi ṣí Ride the Lightning kó tó di pé "Fight Fire with Fire" bú gbàmù. 1986 dé, Master of Puppets dé, orin tó fún àwo náà lórúkọ lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó ń jà, àárín ẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, ó tún gbéra jà padà. Library of Congress ti Amẹ́ríkà gan-an ti fi àwo yẹn kún àwọn ohùn tí wọ́n ń tọ́jú fún orílẹ̀-èdè wọn, òun sì ni àwo mẹ́tàlì àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

1991, Bob Rock di pùròdúsà, orin kúrú, ó falẹ̀, ó sanra. Lórí "Sad but True" ẹ tú okùn gìtá wálẹ̀ kó lè wúwo sí i, lórí "Nothing Else Matters" ẹ pe Michael Kamen kó wá to orin àwọn oní-fáólìn sí i lábẹ́. Ó tà ju mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. 1996 ẹ gé irun, gbogbo ayé kú tán. Èmi ò rí ohun tí irun ní í ṣe pẹ̀lú orin o. Load àti Reload, blues wà níbẹ̀, "Mama Said" fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orin country pátápátá, Marianne Faithfull wá kọ tiẹ̀ nínú "The Memory Remains". Mo fẹ́ràn Load, ẹ jẹ́ kí wọ́n bú mi. 1999 ẹ gbé San Francisco Symphony sẹ́yìn ara yín lórí ìtàgé ní Berkeley. Títí dé 72 Seasons ní 2023, "Inamorata" tó gbẹ̀yìn àwo yẹn lé ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, òun ló gùn jù nínú gbogbo orin tẹ́ ẹ kọ fúnra yín sórí àwo yín, kò sì sí ìkánjú kankan nínú ẹ̀.

Ẹni tó bá jókòó gbọ́ gbogbo wọn tẹ̀léra, tó sì fi etí sí béèsì nìkan, á mọ ibi tẹ́ ẹ dé láìwo ọdún tó wà lẹ́yìn àwo. Lọ́dọ̀ Cliff Burton, tó lu béèsì lórí àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ yín, béèsì kì í ṣe ẹrú gìtá. Lórí àwo àkọ́kọ́ ẹ fún un ní odindi orin kan kó dá lù, ìyẹn "(Anesthesia) Pulling Teeth". Nínú "For Whom the Bell Tolls", lẹ́yìn tí agogo bá dún, ohun tó ń ké bọ̀ látòkè yẹn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gìtá ni títí dòní, béèsì Cliff ni, ó ti ohùn ẹ̀ gba inú ẹ̀rọ tó ń mú un ya. Ẹ lọ gbọ́ àárín "Orion", ẹ máa mọ̀ pé òun ló gba gbogbo yín dání níbẹ̀. Lórí àwo dúdú, béèsì di ilẹ̀ tí gbogbo yòókù dúró lé. Lórí Load ó rọ̀, ó ń rìn gbẹ̀fẹ́. Ìgbà tí Robert, tó ń lu béèsì yín báyìí, dé ó tún padà di ti ìka, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣí "ManUNkind" lórí àwo 2016. Bó ṣe ń yí padà nìyẹn látọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì, ẹ máa gbọ́ ọ.

Àfi 1988. Ẹ bá dé 1988, ojú ọ̀nà já.

2. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Justice.

Cliff kú ní ọjọ́ 27 Oṣù Kẹsàn-án 1986, bọ́ọ̀sì yín ló dànù ní Sweden, ọmọ ọdún 24 ni. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ. Kí ọdún yẹn tó parí, Jason Newsted ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Flotsam and Jetsam wá bá yín, ẹ ti padà sórí ìtàgé. Ẹ ò tíì sunkún tán, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣòfò mọ bó ṣe ń rí, àwa náà ò sì retí pé kẹ́ ẹ gbàgbé Cliff. Ohun táráyé ti rí kà látẹnu yín àti látẹnu Jason fúnra ẹ̀ ni pé ojú ọmọ tuntun náà rí màbo lọ́wọ́ yín. Mi ò ní tú ìyẹn palẹ̀ níbí, ẹ ti sọ̀rọ̀ láàárín ara yín, ó wá bá yín lórí ìtàgé ní Cleveland ní 2009 nígbà tí wọ́n gbà yín sí Rock and Roll Hall of Fame. Inú wa dùn. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣe sí i lórí àwo ṣì wà lórí àwo.

Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ "Blackened", òun ló ṣíwájú. Gìtá tí wọ́n dá ohùn ẹ̀ padà sẹ́yìn ló kọ́kọ́ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni riff, ohùn gìtá tó ń padà wá ní àtúnlù, bẹ̀rẹ̀, gìtá lọ́tùn-ún, gìtá lósì, ìlù ń ta táú táú láàárín. Ó mú bí abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ó dáa, ẹ wá fi etí wá béèsì. Ẹ fi headphone sétí, ẹ yí ohùn ìsàlẹ̀ sókè dé góńgó, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ò ju pé gìtá James túbọ̀ ń kùn, ìlù ẹsẹ̀ Lars túbọ̀ ń ki àyà. Jason ò jáde. Bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́ta ni orúkọ wọn wà lórí orin yẹn pé àwọn ló kọ ọ́, òun sì ni ẹnì kẹta.

Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ò ṣókùnkùn sí wa. Jason ti ṣàlàyé ẹ̀ pé ohun tí gìtá ń lu gan-an lòun náà ń fi béèsì lù, gìtá James sì ti gba gbogbo ìsàlẹ̀ ohùn, torí náà àwọn méjèèjì ń du àyè kan náà. Ìyẹn yé mi. Ohun tó bá ń du àyè, ẹni tó ń ṣe mix, tó ń po ohùn gbogbo ohun èlò pọ̀, ló máa pín àyè náà fún wọn, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Steve Thompson tó wà lára àwọn tó ṣe mix ọ̀hún ti sọ ọ́ ní gbangba pé Lars ló ní kóun fa béèsì wálẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é gbọ́ mọ́, pé ọ̀nà tóun ń gbé e gbà tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyẹn. Flemming tó gba ohùn náà sílẹ̀ ti sọ pé béèsì ọ̀hún dáa, òun gbọ́ ọ. Ó dáa fún un o, àwa ńkọ́?

Èyí tó tiẹ̀ wá dùn mí jù ni "To Live Is to Die". Nínú ohun tí Cliff fi sílẹ̀ lẹ ti hun orin yẹn, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí James kà níbẹ̀, ìrántí Cliff ni. Orin ìrántí onibéèsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lórí àwo tí béèsì ò sí. Ẹ̀gbọ́n Lars, ẹ wo ìyẹn dáadáa.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ pé bóyá Jason ò mọ̀ ọ́n lù tó ni, kó lọ gbọ́ "My Friend of Misery" lórí àwo 1991. Òun ló ṣí i, béèsì nìkan, ó ń rìn, ó ń yí, gìtá sì dúró dè é. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín àwo méjèèjì yẹn. Ọwọ́ kan náà ni.

3. Àwọn ìdáhùn tẹ́ ẹ ti ń fún wa.

Ẹ ní ìtàn ni, pé àwo tó ti jáde ti jáde, bó ṣe rí nígbà yẹn ni kó máa rí. Mo gbọ́. Mo tiẹ̀ gbà díẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ti 1988 rẹ́, gbígbẹ táútáú tó gbẹ yẹn wà lára ohun tó mú un yàtọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe mẹ́tàlì lẹ́yìn yín ti kọ́ nǹkan lára ẹ̀, "One" ló sì gba Grammy àkọ́kọ́ fún yín. Àmọ́ ta ló ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́? Kẹ́ ẹ gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ la ń sọ. Ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe é rí! "The Outlaw Torn" lórí Load, ẹ gé e kúrú torí pé sídíì ti kún, nígbà tó yá ẹ gbé odindi ẹ̀ jáde lẹ́yìn síngù "The Memory Remains", ẹ tiẹ̀ fi ẹ̀fẹ̀ sí orúkọ ẹ̀. Ṣé ẹnì kankan kú? Méjèèjì wà nílé ayé, ẹni tó fẹ́ kúkúrú á gbọ́ kúkúrú.

Àwọn míì náà ti ṣe é. Rush gbé Vapor Trails jáde ní 2002, ohùn ẹ̀ fún pọ̀ débi pé ó ń dani létí rú, ní 2013 wọ́n tún gbogbo ẹ̀ ṣe mix láti ìbẹ̀rẹ̀, àwo náà sì mí. The Beatles, àwọn tí gbogbo ayé mọ orin wọn sórí, wọ́n tún Sgt. Pepper ṣe mix ní 2017, ti àtijọ́ ò kúrò níbi tó wà.

Ẹ tún ti sọ pé etí yín ti rẹ̀ nígbà náà, pé inú ìrìn-àjò Monsters of Rock lẹ ti ń fò lọ bá àwọn tó ń ṣe mix, ariwo ìtàgé ti di yín létí. Mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi, etí tó rẹ̀ ní 1988 ti sinmi báyìí.

Ohun tó sì wá jẹ́ ìtìjú níbẹ̀ ni pé àwọn fáànù ti bá yín ṣe é. Àwọn géèmù tí wọ́n ti ń lu orin yín, bíi Guitar Hero: Metallica ti 2009, gbọ́dọ̀ ya ohun èlò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí géèmù tó lè ṣiṣẹ́, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti yọ béèsì Jason jáde, tí wọ́n gbé e sókè, tí wọ́n fi sí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn míì kọ́ béèsì náà fúnra wọn, wọ́n lù ú lé e lórí. Ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá ẹ̀ ń ṣe ohun tó yẹ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni téèpù ṣe. Rántí o, ẹ̀gbọ́n Lars, ẹ̀yin lẹ lọ jókòó níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà ní 2000 lórí ọ̀rọ̀ Napster táwọn èèyàn fi ń pín orin lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ olórin gbọ́dọ̀ ní àpọ́nlé, pé olórin ló yẹ kó sọ bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe máa dé etí aráyé. Wọ́n bú yín nígbà yẹn, èmi ò bú yín. Jason náà olórin ni.

4. Ẹ má fọwọ́ kan St. Anger.

Mo ní láti sọ èyí kí wọ́n má baà sọ pé gbogbo nǹkan la fẹ́ kẹ́ ẹ tún ṣe. St. Anger ti 2003, snare yẹn, ìlù kékeré tí Lars ń ta, ń dún gbangangan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, Kirk ò rí sólò kankan ta, orin gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn yín gan-an la gbọ́. Jason ti lọ ní Oṣù Kíní 2001, James lọ gba ìtọ́jú, Bob Rock ló bá yín lu béèsì, ilé fẹ́ tú, àwo náà sì dún bí ilé tó fẹ́ tú. Kò sí ẹni tẹ́ ẹ fi pamọ́ níbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

5. Death Magnetic, tẹ́ ẹ fún pọ̀ jù.

Àwo 2008 yìí, orin ibẹ̀ dáa, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Sólò padà dé, orin gígùn padà dé, Rick Rubin tó ṣe pùròdúsà ẹ̀ ní kẹ́ ẹ rántí ara yín. Ẹ wá gbé e sókè jù. Ibì kan wà tí ohùn orí sídíì ò lè kọjá, tẹ́ ẹ bá ti ń tì í tẹ́ ẹ ò dúró, orí ohùn náà á gé, á sì máa fọ́. "The Day That Never Comes" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìtá tó tutù minimini, ìgbà tí gbogbo yín bá wá wọlé pọ̀, dípò kó tóbi sí i ńṣe ló ń ya ṣẹ́ríṣẹ́rí, kò sí kékeré mọ́ kò sí ńlá mọ́, gbogbo ẹ̀ wà lórí ìlà kan.

Àwọn géèmù náà ló tún tú àṣírí. Èyí tó wà nínú Guitar Hero III ò fún pọ̀ bíi ti sídíì, àwọn èèyàn gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n gbọ́ ìyàtọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn buwọ́ lùwé pé kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ted Jensen tó ṣe master ẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ ìkẹyìn lórí ohùn lẹ́yìn mix, fúnra ẹ̀ sọ pé bó ṣe fún pọ̀ yẹn náà ló ṣe dé ọwọ́ òun. Torí náà remaster, fífọ̀ mọ́ lásán, kọ́ ló máa wo ìyẹn sàn, inú mix ni àìsàn wà. Àti pé béèsì Robert wà lábẹ́ ariwo yẹn o, tó jẹ́ àwo àkọ́kọ́ tó bá yín kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn tí onibéèsì tuntun á dé tí a ò ní gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n Robert, ẹ má bínú pé mo dárúkọ yín sí i.

6. Ohun tá à ń bèèrè.

Kò pọ̀. Ẹ gbé téèpù Justice fún ẹni tí etí ẹ̀ dá, Greg Fidelman tó ti ń bá yín ṣiṣẹ́ ṣe é ṣe, tàbí kẹ́ ẹ pe Flemming, ẹni tó gbọ́ béèsì náà nígbà tó ṣì tutù, kí wọ́n ṣe mix tuntun, kí Jason jókòó síbẹ̀ kó sọ èrò tiẹ̀. Kó jáde pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1988, kì í ṣe dípò ẹ̀. Kó má jẹ́ inú àpótí olówó ńlá nìkan ló máa wà, ẹni tó ń gbọ́ orin lórí fóònù náà gbọ́dọ̀ rí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Death Magnetic, láti inú mix, kì í ṣe látòkè. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo yín jáde, tiyín ni, Blackened Recordings, àtọdún 2012 lẹ ti gba téèpù yín sọ́wọ́ ara yín, torí náà kò sí ọ̀gá kankan tẹ́ ẹ ó sọ pé kò gbà.

Tí ìdáhùn yín bá sì jẹ́ rárá, ẹ sọ rárá, kẹ́ ẹ sọ ìdí ẹ̀, àmọ́ kó má jẹ́ ti ìtàn mọ́, ẹ ti ń ta ìtàn náà ní àpótí àpótí.

Ẹ má sì rò pé gbogbo àwo náà lẹ gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fi orin kan ránṣẹ́, "Blackened", torí orúkọ Jason ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
ọ̀kan nínú àwọn fáànù yín tó ra àpótí 2018